Ìdílé Ọmọ-ogun ní Ilẹ̀ Òtútù

Bí ọyẹ́ bá mú wa ní Ìkẹjà níhìn-ín ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí ètè ń bó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń sán, a ó máa wí pé òtútù fẹ́ pa wá. Èmi náà a máa wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 a gbé ọkọ àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, lọ sí bárékè Fort Wainwright, ní ìlú Fairbanks, ní ilẹ̀ Alaska. Láti ìgbà náà ni n kò ti pe ọyẹ́ ní òtútù mọ́.

Kí n tó sọ bí wọ́n ti ń gbé níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun fi ń bà wá lẹ́rù nínú ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà tí a kó jọ sí bárékè ńlá Ìkẹjà, èyí tí a ń pè ní Cantonment, gbiná, wọ́n sì ń bú gbàmù títí di òru. Àwọn ènìyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó sínú kánààlì Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, wọ́n sì kú sínú omi. Àwọn tí ó ṣòfò ju 1,000 lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àbúrò mi nígbà náà. Ẹ̀yìn mi ni mo pọ̀n ọ́n sí títí a fi jáde sí ọ̀nà Agége. Nítorí náà, nígbà tí ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé, tí a sì gbọ́ pé sójà ni, ìyá wa bú sẹ́kún.

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ní ọdún 2009 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn àlejò tí ó gbọ́ àwọn èdè kan tí wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n lè wọ iṣẹ́ ogun, kí wọ́n sì di ọmọ ìlú. Èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọ̀nà náà ni ó bá wọlé, kí wọ́n tó tì í ní ọdún 2016.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí òtútù náà ti rí. Ní ìwọ̀n òdo ni omi ń dì. Ní Fairbanks, òtútù a máa lọ sí ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, oòrùn kì í lò tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀run. Bí mo bá ti ìsìn ìrọ̀lẹ́ dé ní agogo méje, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ àbúrò mi; síbẹ̀, bí ó bá pè mí lórí tẹlifóònù, inú òkùnkùn ni àwa méjèèjì wà.

Ó ní wíwọ aṣọ fún ọmọ méjì kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé a máa gba ìdajì wákàtí: aṣọ lórí aṣọ, ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́, fìlà tí ó bo etí, àti bàtà ńlá. Bí ènìyàn bá mí sínú, irun inú imú rẹ̀ a dì. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa jáde ṣeré nínú òjò dídì. Àfi bí òtútù bá kọjá bí ìwọ̀n 29 nísàlẹ̀ òdo ni a tó ń dá wọn dúró sínú ilé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá ní okùn iná mànàmáná níwájú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fi okùn náà so ó mọ́ iná, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má bàa tutù jù. Bí a bá gbàgbé, òróró inú rẹ̀ a ki bí òrí, ọkọ̀ náà kò sì ní ṣíṣẹ́ ní òwúrọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà òtútù kejì wọn níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó fún ìdánrawò ogun, níbi tí wọ́n ti ń sùn nínú àgọ́ lórí òjò dídì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kò fi sí nílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ibà mú ọmọ kékeré. Nínú ìdààmú, àbúrò mi gbàgbé okùn ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ dákẹ́ bí òkúta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ mọ́ra, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà náà ni ó rí i tí aládùúgbò rẹ̀ ń bọ̀, obìnrin òyìnbó kan, ìyàwó sójà bíi tirẹ̀, ẹni tí ìkíni nìkan pa wọ́n pọ̀ rí. Obìnrin náà ti rí okùn náà nílẹ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó sì ti gbóná ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ó dúró tì wọ́n títí di ọ̀sán, ó sì gbé ọbẹ̀ wá ní alẹ́. Nígbà tí àbúrò mi ń dúpẹ́, ó ní, “Nígbà tí àwọn ọkọ wa kò sí nílé, okùn ara wa ni a ń wò.”

Nígbà tí ó ròyìn èyí fún mi, mo sọ fún un pé kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí n kì í dárúkọ wọn nínú àdúrà. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bùọ̀dá mi. Mo mọ̀ pé àdúrà yín ń gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó sójà tí ó wà ní Cantonment nítòsí yín ńkọ́? Ta ni ẹ ti bẹ̀ wò nínú wọn?”

N kò rí èsì fún un. Láti ọdún 2002 n kò tíì gba ẹnu géètì náà wọlé. Ẹ̀rù ni mo fi ṣe àwáwí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ogun wa ti ń lọ sí Borno láti ọdún mélòó wá, tí àwọn aya wọn ń dá ilé gbé. Ọ̀kan nínú wọn a máa jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn nínú ìjọ wa. Katikíìsì rẹ̀ ni mí, n kò sì bèèrè rí ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, mo bèèrè. Ó ní oṣù mẹ́rìnlá ni ọkọ òun ti wà ní Borno. Èmi àti ìyá ìjọ méjì lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ náà; ó wá pàdé wa lẹ́nu géètì, ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n bí mo ti ń wọlé. Owó kọ́ ni ó bèèrè lọ́wọ́ wa. Ó bèèrè ẹni tí yóò máa bá a mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti ilé-ìwé ní ọjọ́ tí ó bá lọ sí ọjà. Ohun tí ó ń fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sì ń ṣe é fún un di òní.

N kò kọ èyí láti yin ara mi, nítorí ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi pé a ní láti bá mi wí láti Alaska kí n tó rí ẹni tí ó wà níwájú mi. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, bí ìdílé ọmọ-ogun kan bá wà ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe fi wọ́n sí inú àdúrà nìkan. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn, kí ẹ sì bèèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́.