Ọ̀nà Igbótako àti Wáyà tí Ó Ń Pa Ọkọ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, tí ó ń kú lójú ọ̀nà tí ó sì tún ń jí fúnra rẹ̀, ẹ bá mi ká lọ sí Igbótako ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ìgbà òjò tí ó kọjá ni ìpè dé bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde pé bàbá ìyàwó mi ti jáde láyé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Igbótako ni bàbá náà ti ń ra epo pupa láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sì ti sọ lójú ayé rẹ̀ pé èmi ni kí n wẹ òun, èmi ni kí n kírun sí òun lára. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí a fi òkú sílẹ̀ pẹ́. Àwọn ará ilé ní àwọn yóò dúró dè mí di Àláásàrí, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Mo di aṣọ funfun àti lọ́fínńdà sínú àpò, ìyàwó mi wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú omijé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jókòó sí ìdí ọkọ̀. Òun náà ni bàbá kú fún.

Píjò 504 ni ọkọ̀ wa, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ó ti ń ṣe wá bákan. Bí ó bá ń sáré lọ, yóò gbọ̀n, yóò dákẹ́. Bí a bá dúró díẹ̀ tí a sì yí kọ́kọ́rọ́, á tún máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Mẹkáníìkì mẹ́ta ni mo gbé e lọ bá. Níwájú wọn, yóò máa kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Ọ̀kan ní kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, èkejì ní kọ́ìlì ni, ẹ̀kẹta ní omi wà nínú epo tí à ń rà. Mo náwó sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́, mo yíjú sí ọmọ yìí. Mo ní ó ti ta púlọ́ọ̀gì tuntun tí mo rà, ó fi àlòkù rọ́pò. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ọmọ náà kò fèsì. Èmi tí mo ń túmọ̀ Sūratul-Hujurāti fún àwọn ẹlòmíràn, tí mo mọ ohun tí ó wí nípa àbá burúkú!

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Orè, n kò ní ohun tí mo fẹ́ wí nípa ọ̀nà náà ju ihò rẹ̀ lọ. Orè ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní ọdún 1967, àwọn àgbà kò sì tíì gbàgbé. Níbẹ̀ ni a ti yà sọ́tùn-ún, tí a kọjú sí ìhà òkun. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì, èéfín sì ń rú lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin ìyá, èéfín púpurú ni. Ẹ̀gẹ́ ni àwọn obìnrin Ìkálẹ̀ ń rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. Wọn yóò yọ okùn inú rẹ̀, wọn yóò fún omi rẹ̀ dànù, wọn yóò mọ ọ́n róbótó, wọn yóò sì tò ó sórí àjà lókè iná. Ara rẹ̀ yóò dúdú. Bí a bá ha dúdú náà kúrò, inú rẹ̀ funfun. Wọn yóò gún un, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò rò ó lórí omi gbígbóná. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja kì í yára dìde.

A kọjá Òkìtìpupa, òjò dé. Nígbà tí a rí ilé àkọ́kọ́ ní Igbótako, ọkọ̀ gbọ̀n, ó kú, kò sì jí mọ́. Aago méjì ti lù. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sókè.

Bàbá arúgbó kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà wà lábẹ́ páànù lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó ké sí mi pé, "Alfa, ẹ kú ewu òjò. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ti kú nísinsìnyí, ìgbà yìí ni yóò sọ òótọ́."

Ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó tún fi wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí, ó gbé e lé irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ yí kọ́kọ́rọ́. Iná kò fò. Ó ní, "Kì í ṣe epo." Ó mú gílóòbù kékeré kan tí ó so wáyà méjì mọ́. Ó fi wáyà kan kan irin ọkọ̀, ó fi èkejì kan ẹnu kọ́ìlì tí iná ń gbà wọlé. Gílóòbù tàn. Bátìrì àti kọ́kọ́rọ́ kò jẹ̀bi. Ó wá gbé e sí ẹnu kejì, èyí tí ó lọ sí kọ̀ntáàtì, ó ní kí a tún yí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bátìrì volt 12 ni; kọ́ìlì ni ó ń sọ agbára rẹ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí iná lè fò nídìí púlọ́ọ̀gì. Kò sì lè ṣe é àfi bí kọ̀ntáàtì bá ń pàdé tí ó sì ń yà. Bí ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin bá yí 3,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kọ̀ntáàtì ti yà ní 6,000 ìgbà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Charles Kettering ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1910. Nígbà tí kọ̀ntáàtì bá pàdé, ó yẹ kí gílóòbù bàbá kú. Nígbà tí ó bá yà, kí ó tàn. Tiwa kò ṣẹ́jú rárá, ó kàn tàn ni. Iná kò rọ́nà gba inú kọ̀ntáàtì.

Bàbá ṣí ìdérí dìsìtìríbútọ̀. Wáyà kan wà níbẹ̀ tí kò gùn ju ìka lọ. Ara rẹ̀ dán, kò bó níbì kankan. Ó fi ìka méjì fà á, ó sì ń nà bíi rọ́bà. Irin inú rẹ̀ ti já, awọ nìkan ni ó kù. Ó ní bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀, awo tí kọ̀ntáàtì jókòó lé yóò yí díẹ̀, yóò fa wáyà náà, ojú ibi tí ó já yóò sì yà. Bí a bá dúró, awo yóò padà, ojú rẹ̀ yóò tún kan ara. Ìdí nìyí tí ó fi ń kú lójú ọ̀nà, tí ó sì ń kùn dáadáa níwájú ẹni tí kò wà á jáde.

Ó gé wáyà mìíràn, èyí tí ó rọ̀, nítorí ó ní èyí tí ó bá le yóò tún ṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi jí. Mo béèrè iye owó rẹ̀, ó bi mí ta ni a wá sin. Nígbà tí mo dárúkọ bàbá, ó pa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó ní ẹni tí ó ń ra epo lọ́wọ́ ìyá òun ni, òun kò gba kọ́bọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó fi ọ̀nà ilé hàn wá.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé. Èmi àti ọmọ náà ni a jọ wẹ bàbá rẹ̀. Òun ń da omi, èmi ń wẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́, níwájú bàbá rẹ̀ tí kò lè gbọ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí ẹsẹ̀ òsì." A kírun sí i lára, a sì sin ín kí wọ́n tó pe ìrun Àláásàrí.

Ìyàwó mi ra púpurú àti epo nígbà tí a ń padà lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. Ọmọ náà ni ó wa ọkọ̀, kò sì kú títí a fi délé. Mo ti fi wáyà tí ó já náà sínú páálí ìṣáná. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n fún òun, mo sì fún un.