Àǹtí Orí Pákó

Ọmọkùnrin tó ń kọ́ni láti fi pákó gun ìgbì kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, obìnrin tó ń kọ́ níṣẹ́ sì lè bí i lọ́mọ. Nítorí náà, gbogbo àṣẹ tó ń pa ló ń fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú. "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ dojú bolẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ gbé àyà sókè, ẹ má wolẹ̀, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò." Òṣìṣẹ́ báńkì ni Àǹtí, ó ti lé lógójì ọdún. Ó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ àti ẹ̀wù dúdú alápá gígùn, ó nà gbalaja sórí pákó aláwọ̀ búlúù kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Orí iyanrìn gbígbẹ ni pákó náà wà. Omi kò tíì kàn án lára, ó ti ń làágùn.

"Ṣebí òkun ló wà lọ́hùn-ún yẹn? Kí ni mò ń ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ó débẹ̀, Àǹtí. Ẹ tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i kí n wò ó."

Bí wọ́n ṣe ń dìde rèé: àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, èèyàn ò ní di etí pákó mú, á ti ara rẹ̀ sókè, á sì fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ ara lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, orúnkún á tẹ̀, ojú kò ní kúrò níwájú. Ti Àǹtí kò rí bẹ́ẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbé wá, ó mí, ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀lé e, ó tún mí, kó tó nàró. Ọmọkùnrin náà wò ó tán, ó ní, "Àǹtí, ìgbì ò ní dúró kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ kí i."

Láti mọ ẹsẹ̀ tó yẹ kó wà níwájú, ṣe ni olùkọ́ máa ń ti akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀yìn láìròtẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kàn dédé ti àgbàlagbà obìnrin bẹ́ẹ̀? Ó kọ́kọ́ ní "Ẹ má bínú o," ó wá fi ìka ọwọ́ tì í díẹ̀ léjìká. Ẹsẹ̀ òsì ló fò síwájú. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so okùn rọ́bà mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Pákó yẹn tó wò. Kì í ṣe igi rárá. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, òde rẹ̀ náà sì rọ̀ bí ìjókòó mọ́tò, kó má baà pa ẹni tó bá já lé lórí lára. Ó nípọn, ó fẹ̀, nítorí bí pákó bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń léfòó tó, tí kì í sì í gbọ̀n lábẹ́ ẹni. Kékeré tó ṣe tín-ín-rín ni àwọn tó ti mọ iṣẹ́ ń lò, kí wọ́n lè máa yí i bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, omi iyọ̀ nìkan ni yóò máa mu. Nísàlẹ̀ pákó Àǹtí, lápá ẹ̀yìn, lẹbẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnìkan ti fi téèpù dí ibi tí imú pákó náà ti ya. Wọ́n ti fi àbẹ́là ra ojú rẹ̀ títí, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Okùn tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe nítorí àtirí i mú padà nìkan, nítorí pákó tó bá já gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ lè fọ́ orí ọmọ tó ń ṣeré jẹ́jẹ́ létí omi.

Kò sí ọ̀nà mọ́tò dé Tarkwa Bay tí a wà yìí. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ láti CMS tàbí láti àwọn jẹ́tì mìíràn ní Èkó, tí yóò sì máa gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ràgàjì tó ń lọ sí Àpápá. Ẹnu ibi tí òkun àti ọ̀sà ti pàdé ni etíkun náà wà. Nígbà kan, iyanrìn tó gun ara wọn jọ lábẹ́ omi níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ìyẹn ló mú kí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú òkun láti ọdún 1908, ògiri kan ní ìlà-oòrùn, òmíràn ní ìwọ̀-oòrùn. Ti ìwọ̀-oòrùn ló ṣíji bo Tarkwa. Ìgbì tó ń bọ̀ láti agbami gbọ́dọ̀ yí orí ògiri yẹn po kó tó wọlé, agbára rẹ̀ á sì ti dín kù, èyí tó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ní òdìkejì, ní Lighthouse Beach, òkun kì í wojú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé àwọn ògiri yìí kan náà ló dá iyanrìn tó ń wọ́ bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró, tí òkun fi ráyè jẹ Bar Beach wọnú. Ohun tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn kan ló fún àwọn ọmọ Tarkwa ní pápá ìṣeré.

Àwọn ọmọ Tarkwa náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n ní torí àwọn tó ń fọ́ páìpù epo. Olùkọ́ wa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìlàjẹ, kò gbébẹ̀ mọ́; ó bá wa wọ ọkọ̀ kan náà wá láàárọ̀ ni.

Nígbà tó rí i pé ìdìde Àǹtí ti sunwọ̀n díẹ̀, mo rò pé omi ló kàn. Rárá o. Ó ní kó jókòó kó máa wo òkun. Àǹtí wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó ní òun ti wò ó.

"Kí lẹ rí, Àǹtí?"

"Omi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. Ó fi ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ ń fọ́ hàn án, àti ibi tí fífọ́ náà ń sá lọ. Ó wá nawọ́ sí ibì kan láàárín ìfófó funfun méjì, níbi tí omi ti dúdú tó sì dà bí ẹni pé ó parọ́rọ́. Ká ní wọ́n ní kí èmi yan ibi tí n ó gbà wọlé, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá yàn. "Ibẹ̀ yẹn, ẹ má sún mọ́ ọn," ọmọ náà wí. "Gbogbo omi tí ìgbì kó wá, ibẹ̀ ló ń gbà padà. Tó bá gbé yín, ẹ má bá a jà, ẹ má kọjú sílẹ̀. Ẹ wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kì í fẹ̀." Mo gbà pé ìwòye ni ìdajì iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń fi ìgboyà yangàn létíkun ni omi máa ń gbé.

Ìgbì tó ń fọ́ níwájú wọn yẹn kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìjì ló bí i lọ́nà jíjìn réré ní gúúsù òkun Atlantic, lápá Antarctica, níbi tó jẹ́ ìgbà òtútù láàárín oṣù tí òjò ń rọ̀ sí wa lórí níhìn-ín. Afẹ́fẹ́ á lu ojú omi, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Bí ìrúkèrúdò yẹn ṣe ń rin ọ̀pọ̀ ọjọ́ bọ̀, àwọn ìgbì gígùn á ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn kúkúrú, débi pé tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti tò tẹ̀lé ara wọn, ìṣẹ́jú àáyá bíi 12 sí 16 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n sì máa ń kó ara wọn wá: àwọn ńlá bíi mélòó kan á dé, omi á tún rọlẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ kì í rìn lọ títí. Agbára ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí ilẹ̀ abẹ́ omi bá ga débi pé jíjìn omi kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíga ìgbì lọ mọ́, ẹsẹ̀ ìgbì á fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ á ṣì máa sáré, á yọrí kọjá ẹsẹ̀, á ṣubú.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọmọkùnrin náà kò pa òwe kankan ní tirẹ̀. Ó kàn jókòó sínú iyanrìn, ó ń fi ìka họ àpá kan lórúnkún rẹ̀, títí àwọn ńlá fi kọjá tán. Ló bá dìde, ó ní, "Ó yá, Àǹtí."

Kó tó gbé pákó ló ti bi Àǹtí bóyá ó mọ omi í wẹ̀. Ó ní òun kọ́ ọ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kó wẹ̀ lójú òun ná. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé Èkó, àdúrà nìkan ló ń gbé wa dé etíkun. A ó dúró nínú aṣọ funfun kí omi kan kókósẹ̀ wa, a ó fi ìgò bu díẹ̀ lọ sílé. Kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ náà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Inú omi tó dé ìbàdí ni wọ́n dúró sí, níbi tí ìgbì ti fọ́ tán tó wá di ìfófó tó ń yí gbirigbiri bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara ni Àǹtí fi pákó sí. Lákọ̀ọ́kọ́ iwájú ló gbé e sí, láàárín òun àti ìgbì, ìgbì sì gbé pákó náà lù ú ní ikùn tó fi ké. Lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, olùkọ́ di ìdí pákó mú, ó ń wẹ̀yìn. "Ẹ wa omi. Ẹ wà á. Ẹ wà á!" Àǹtí ń fi ọwọ́ méjèèjì wa omi, ọ̀tún, òsì, ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ìfófó bá wọn, pákó fò síwájú lójijì. Àǹtí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bó sì ṣe wolẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló lọ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ṣíṣubú pẹ̀lú. Orí kọ́ lèèyàn fi ń lọ, ẹsẹ̀ nàró kọ́ sì ni, torí ibẹ̀ kò jìn. Ṣe lèèyàn ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lórí omi. Tó bá ń yọrí bọ̀, apá á bo orí, torí pákó ṣì wà níbì kan lókè tó ń wá a. Àǹtí gbàgbé apá lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́ ọn lára. Ó yọrí, ó wúkọ́, ó tu itọ́ iyọ̀ dànù. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí." Ó sì tún gun orí pákó.

Nítòsí wọn, àwọn ọmọ kéékèèké mélòó kan ń fi àfọ́kù pákó ṣeré, wọn ò yọ ara wọn lẹ́nu àtidìde, ikùn ni wọ́n fi ń gun tiwọn dé ilẹ̀. Wọ́n rán mi létí fíìmù The Endless Summer tó jáde ní ọdún 1966, níbi tí Mike Hynson àti Robert August láti Amẹ́ríkà ti gbé pákó wọn káàkiri ayé, tí wọ́n dé Senegal, Gánà àti Èkó. Fíìmù náà sọ ọ́ bí ẹni pé etíkun wa kò rí irú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, sójà ilẹ̀ Britain kan tó ń jẹ́ James Alexander ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Accra, òun rí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n fi pákó fífúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ wọnú òkun, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì bá a gúnlẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Àlejò ló pẹ́ dé.

Oòrùn ti ga kí Àǹtí tó ṣe é. Ìfófó kan tí kò tóbi ló dé, pákó gbéra, mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo rí orúnkún ọ̀tún tó fẹ́ máa bọ̀ wá kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Dìde!" ọmọ náà jágbe. "Dìde, dìde, wo iwájú!" Kò sí "ẹ", kò sí "Àǹtí". Ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ó nàró, ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn, apá rẹ̀ ń wá nǹkan tí yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń lọ lóòótọ́, títí lẹbẹ fi ha iyanrìn tó sì ta á sílẹ̀ létí omi. Ọmọkùnrin náà sáré bá a, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú omi tó dé kókósẹ̀. "Ẹ má bínú Àǹtí, ẹnu ló yára." Àǹtí kò tilẹ̀ gbọ́ èébú kankan. Ó ń béèrè bóyá a rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò lè dá a dúró mọ́. Ó fẹ́ lọ síbi tí ìgbì kò tíì fọ́, níbi tí àwọn ọmọ jókòó sí lórí pákó wọn. Olùkọ́ ní kó ṣe sùúrù, ó ní ó di ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n Àǹtí lọ. Ó wa omi títí apá fi ń gbọ̀n, ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìgbì kan dé, ó yí pákó padà ó sì lé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ti wà lórí ìgbì náà kí Àǹtí tó débẹ̀, níbi tí ó ti kọ́kọ́ ń fọ́ gan-an, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ló ni ín. Ọmọ náà ní láti já ara rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà gba orí Àǹtí kọjá.

Ó yọrí pẹ̀lú ìbínú. "Àǹtí! Èmi ni mo ni ìyẹn! Ẹ ò rí mi ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Àǹtí wí, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè. "Mi ò mọ̀ pé ó lólówó."

Ọmọ náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo pákó búlúù, ó wo okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti lọ́. Ó ní kó lọ jókòó sápá ọ̀tún òun, kó má ṣe lé ohunkóhun àfi tí òun bá ní kó lé e. Àǹtí wa pákó lọ síbi tí wọ́n fi hàn án. Ìgbì méjì kọjá, ó wo ọmọ náà, ọmọ náà mi orí pé rárá.