Bírékà tí mo ń ṣépè fún

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtìjú ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì mọ bí ilé ṣe máa ń rí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ ka sítóòfù oníná, ọmọ kan ń lọ aṣọ, èkejì ki irin tí a fi ń gbóná omi bọ inú báàkẹ́ẹ̀tì, èmi náà sì gbé kẹ́tù sí i. Lójijì ni gbogbo wọn kú, gílóòbù nìkan ló ṣẹ́kù tó ń tàn. Mo gbé bírékà sókè. Kò pẹ́, ó tún já. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣépè fún un.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá oníṣẹ́ iná. “Bàbá, ẹ bá mi yọ 20 yìí, kí ẹ fi 32 sí i.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, ẹ óò jóná mọ́lé o.” Kò tilẹ̀ wo bírékà náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a so kẹ́tù àti irin omi mọ́ papọ̀ ló tú. Wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́. Ògiri yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì ọmọbìnrin mi fara tì láti òdì kejì.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, ojú ló tì mí pé n kò ṣe é. Áńpù 20 lọ́nà fóòtì 230 jẹ́ wáàtì 4,600. Sítóòfù wa ń jẹ 2,000, kẹ́tù 2,200, áyọ́ọ̀nù 1,200, irin omi 1,500: àpapọ̀ 6,900, tí í ṣe áńpù 30! Nínú bírékà, irin pẹlẹbẹ kan wà tí a fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Bó bá gbóná, ọ̀kan a gùn ju èkejì lọ, yóò tẹ̀, yóò sì já iná. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà méjì bá fara kanra níhòòhò, wáyà wíwé kan wà níbẹ̀ tí yóò di mágínẹ́ẹ̀tì, tí yóò gé e kí a tó ṣẹ́jú. Nítorí náà, bírékà tó bá ń já bí ẹ ti ń gbé e sókè, nígbà tí ẹ ti yọ gbogbo nǹkan tán, wáyà ni kí ẹ fura sí.

Wáyà inú ògiri ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe kẹ́tù. Bí mo bá fi 32 sí i, wáyà tí kò nípọn tó ìyẹn yóò ti máa jóná nígbà tí bírékà ṣì ń sùn. Nílé bàbá mi n’Ìbàdàn ní 1988, bí fíúsì bá já, bébà dídán inú páálí sìgá ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń dí i. Iná á tàn, àwa á pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run ló yọ wá.

Bàbá pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà tó jóná, ó fa wáyà ọ̀tọ̀ fún sítóòfù pẹ̀lú bírékà tirẹ̀, ó sì fi 20 sílẹ̀ níbi tó wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi kúrò lára ògiri yẹn. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ibí yìí ni yóò ti kà á.