Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ilé Bá Kọjú sí Onílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. N kò mọ̀ pé òwe yìí bá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wí títí àìsàn fi dá àbúrò ìyá mi gúnlẹ̀ ní Kabba. Oríkèé ń ro ó, irun rẹ̀ ń re, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bí oòrùn bá ti kàn án. Nígbà tí oògùn ibà kò ràn án, àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Ó dé ibi pé ẹnikẹ́ni kì í jẹ oúnjẹ tí orogún rẹ̀ bá sè mọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó tú àṣírí: lupus ni. Áńtíbọ́dì, ẹ̀ṣọ́ tí í lé kòkòrò àìsàn, ni ó kọjú sí kóró inú sẹ́ẹ̀lì onílé.

Èkúté ni ó kọ́ ayé ní púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ní 1959, ní Dunedin ní New Zealand, Marianne Bielschowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde èkúté NZB, tí áńtíbọ́dì rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá gun èkúté NZW, àwọn ọmọ wọn a ní àìsàn kíndìnrín bíi ti lupus. Àwọn abo ni ó sì ń tètè mú. Lónìí, láti wọn áńtíbọ́dì náà, wọn a da omi ara ẹ̀jẹ̀ èkúté sínú àwo oníhò 96 tí wọ́n ti fi DNA tẹ́ nídìí. Áńtíbọ́dì tí ó bá ń bá DNA jà yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn a fọ àwo náà, wọn a fi èròjà aláwọ̀ sí i. Bí àwọ̀ bá ṣe ki tó ni áńtíbọ́dì ṣe pọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ wa. Brian Greenwood, tí ó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, kọ ọ́ ní 1968 pé irú àìsàn báyìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn Nàìjíríà. Ó ń wò ó bóyá ibà ni ó ń dí i lọ́wọ́. Ní 1970, òun, Herrick àti Voller fi kòkòrò ibà sí ara àwọn èkúté wọ̀nyí, àìsàn náà sì rọlẹ̀. Èyí kò sọ ibà di oògùn. Ohun tí ó sì ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ohun tí kò sí.

Àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í dájọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ wo ìtọ̀ àti kíndìnrín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n níbi tí a kò bá ti wọn nǹkan kan, orogún ni ẹ̀bi ń bá. Bí oríkèé obìnrin ilé yín bá ń ro ó tí kò dẹwọ́, ẹ béèrè àyẹ̀wò kí ẹ tó béèrè ọ̀tá.