Kílò Márùn-ún àti Agolo Ìyẹ̀fun Kan

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ eré ìjàkadì náà ní kí ọmọbìnrin kan gun orí òṣùwọ̀n, tí ó wò ó, tí ó sì mirí. Kílò 58 ni òṣùwọ̀n kà. Ìsọ̀rí kílò 53 ni olùkọ́ fẹ́ kí ó ti jà, nítorí pé ẹlòmíràn ti wà ní ìsọ̀rí 57, ẹni tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ rí, tí kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó sún sẹ́yìn. "Ìwọ ni wàá fọn," ni olùkọ́ wí. Ọmọbìnrin náà dáhùn pé, "Ó ti yé mi, sà." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó yà sí ìsọ̀ ẹni tí ń ta nǹkan àwọn eléré ìdárayá, ó sì ra agolo ìyẹ̀fun ńlá kan.

Orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá ti yà síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ìjàkadì, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tàbí irin gbígbé yóò ti rí irú rẹ̀ rí, bóyá ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà kò lọ́jú pọ̀. Kí ó po ife kan mu dípò oúnjẹ àárọ̀, kí ó po òmíràn mu dípò oúnjẹ ọ̀sán, kí ó wá jẹ oúnjẹ gidi lálẹ́. Kálórì 220 ló wà nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn ju kí ènìyàn máa ronú lórí ohun tí yóò jẹ lọ, ó sì jọ ọgbọ́n, nítorí pé àwọn èròjà aṣaralóore tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn agolo.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn mọ́ ọn. Kílò méjì ló lọ. Kò mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ara kọ́kọ́ máa ń ná nígbà tí oúnjẹ bá dín kù, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí ṣúgà bá ti lọ, omi á tẹ̀ lé e. Ṣúgà yìí kan náà sì ni oníjàkadì ń lò nígbà tí ó bá fẹ́ gbé ẹnìkejì kúrò nílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fura. Ó rí i tí ọmọ ń gbé ife lárọ̀ọ́, tí ó tún ń gbé ife lọ́sàn-án, ó wá béèrè pé, "Ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí?" Nínú ilé Yorùbá, kò sí ohun àjèjì nínú oúnjẹ mímu. Wọ́n ń mu ògì láràárọ̀, ṣùgbọ́n àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi ń tì í. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni wọ́n ń fún ní ògì lásán.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí bá ìtàn ìyẹ̀fun náà mu ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ní 1959, ilé-iṣẹ́ Mead Johnson ní Amẹ́ríkà, tí ń ṣe oúnjẹ ọmọ ọwọ́, gbé Metrecal jáde. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn aláìsàn ni wọ́n gbé e kà. Kálórì 900 ni ẹni tí ń mu ún yóò rí lóòjọ́, àwọn tí ó sanra tí wọ́n sì fẹ́ fọn ni wọ́n sì ń tà á fún. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, irú oúnjẹ yìí ń ṣiṣẹ́. Òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fífi í rọ́pò oúnjẹ méjì lóòjọ́ ń ran ẹni tí ń dín oúnjẹ kù lọ́wọ́ láti fọn. Kò sí ìjà pẹ̀lú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí kì í jókòó. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá yọ ọ̀rá kúrò nínú kílò 58 rẹ̀, nǹkan bíi 46 ni yóò kù, èyí tí í ṣe iṣan, egungun àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Ife méjì jẹ́ kálórì 440. Ká ní àmàlà alẹ́ rẹ̀ tó 700, gbogbo rẹ̀ di 1,140. Bí ìdánrawò bá gba 600 níbẹ̀, 540 ló kù fún ọkàn, ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti egungun láti pín. Ààlà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá sábà máa ń fà ni kálórì 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara tí kì í ṣe ọ̀rá, ìyẹn 1,380 fún un. Ohun tí ó ń rí kò tó ìdajì rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òtútù ń mú un nínú oòrùn. Kì í rí oorun sùn. Ọmọ tí ó kéré sí i ń gbé e ṣánlẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá, inú rẹ̀ sì dùn sí i, torí ó rò pé ìyọnu kan ti dín kù. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Olympics Àgbáyé kó irú àwọn àmì wọ̀nyí jọ sábẹ́ orúkọ kan, RED-S, ó sì kìlọ̀ pé egungun wà lára ohun tí í bàjẹ́, àti pé kò yọ ọkùnrin sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n wá dúró sórí 55. Ọ̀rẹ́ kan mú tíì kan wá tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá. Inú irú tíì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń bá sibutramine, oògùn tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù yọ kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí ewu rẹ̀ fún ọkàn, tí òfin eré ìdárayá sì kà léèwọ̀. Inú agolo náà kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ilé àyẹ̀wò kan ní Cologne, ní Jámánì, yẹ àfikún oúnjẹ 634 wò láti orílẹ̀-èdè 13. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé 94 nínú wọn ní èròjà homonu tí kò sí lára àkọlé. Òfin kì í sì í béèrè bí ó ṣe dé inú ìtọ̀. Ní Glasgow ní 2014, wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ ọmọ ọdún 16 tí ó gbé irin fún Nàìjíríà ní ìsọ̀rí kílò 53, nítorí pé wọ́n rí oògùn amúnitọ̀ nínú rẹ̀.

Ó da tíì náà nù. Ó ti wo fídíò Vinesh Phogat ti Íńdíà lórí fóònù rẹ̀, ẹni tí ó na Yui Susaki ti Jàpáàn ní Paris ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, 2024, tí ó sì dé àṣekágbá ìsọ̀rí kílò 50. Kílò 53 ni obìnrin náà ti jà ní Tokyo. Ó sáré títí ilẹ̀ fi mọ́, ó wọ yàrá ooru, wọ́n gé irun rẹ̀, síbẹ̀ gíráàmù 100 péré ló lé lórí òṣùwọ̀n láàárọ̀. Wọ́n lé e kúrò láìfún un ní àmì-ẹ̀yẹ kankan. Ní ọjọ́ kejì, ó kéde pé òun fi ìjàkadì sílẹ̀.

Ìyá ọmọbìnrin náà kò mọ Vinesh. Ó kàn wọ aṣọ, ó bá ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìdánrawò, ó kí olùkọ́ dáadáa, ó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìjàkadì lẹ̀ ń kọ́ ọ ni, àbí ebi?" Olùkọ́ bínú. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayébáyé. Bóyá òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Norway lórí àwọn ògbóǹtarìgì eléré ìdárayá fi hàn pé àwọn tí ó rọra ń fọn, bíi ìdá 0.7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn lọ́sẹ̀, tún ní iṣan sí i, nígbà tí àwọn tí ó ń sáré fọn ní ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ kò rí èrè kankan. Fún ẹni tí ó wọn kílò 58, ìyẹn kò ju gíráàmù 400 lọ lọ́sẹ̀. Kílò márùn-ún yóò gba oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀nà mìíràn sì wà. Odunayo Adekuoroye gba idẹ àgbáyé ní ìsọ̀rí 53 ní 2015, fàdákà ní 55 ní 2017, idẹ ní 57 ní 2019. Òkè ló ń lọ.

Nígbẹ̀yìn, olùkọ́ gbà kí ó bá ẹni tí ó wà ní 57 jà láti mọ ẹni tí yóò lọ. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ iyán, ó sùn. Ó pàdánù pẹ̀lú àmì méjì, ẹnìkejì ni ó sì lọ sí ìdíje náà.

Agolo ìyẹ̀fun ṣì wà lórí pẹpẹ nínú ilé ìdáná, ó ti dín sí ìdajì. Lẹ́yìn ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ ni ó ń po ife kan mu báyìí, kí àmàlà tó délẹ̀.