Táyéwò Àná, Kẹ́hìndé Òní

"Ẹ̀rọ rẹ ti sọ mí di olè."

Bí màmá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjurin-Èkìtì ni wọ́n. Èmi ni mo gba ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ owó lọ́wọ́ wọn, tí mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan fún wọn. Mo so díísìkì méjì mọ́ ọn: ọ̀kan fún àkọsílẹ̀ gangan, ìkejì fún ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ mi ni: dráífà ni mò ń kọ, ìyẹn apá Linux tó ń bá díísìkì sọ̀rọ̀.

Owó tí èèyàn mẹ́ta san lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti pòórá nínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wọn ti béèrè pé, "Ìyá, owó wa dà?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pa á. Ẹ má tàn án títí n ó fi dé."

Bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele-ìpele ni Linux máa ń jí àwọn dráífà rẹ̀. Bí ti díísìkì bá jí kí èyí tó ń fún un níná tó jí, wàhálà dé. Láti Linux 3.4, lọ́dún 2012, dráífà lè dáhùn pé, "Ohun tí mo nílò ò tíì dé, ẹ padà wá pè mí." EPROBE_DEFER lorúkọ ìdáhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ti tún ṣe níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti wá: ẹnì kan rò pé nǹkan kan á ti wà nílẹ̀ kí òun tó dé.

Ti díísìkì USB dà bí orúkọ ìbejì. Èyí tí Linux bá kọ́kọ́ rí ló ń jẹ́ sda, èyí tó tẹ̀lé e a di sdb, bí ẹni tó kọ́kọ́ jáde ṣe ń jẹ́ Táyéwò tí ìkejì ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan la ń bí ìbejì èèyàn. Ti kọ̀ǹpútà, gbogbo ìgbà tá a bá tàn án la ń tún wọn bí. Táyéwò àná lè di Kẹ́hìndé òní.

Sda ni èmi ọ̀gá kọ sínú ẹ̀rọ màmá mi.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ náà ti kìlọ̀ fún mi. Lóṣù díẹ̀ ṣáájú, ó jí, kò rí díísìkì kankan. Mo jókòó sí Èkó, mo gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo ní kó máa sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó wá wọn. Ó ṣiṣẹ́, mo bá tèmi lọ. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá gbé irú àtúnṣe yẹn wá, ṣe ni mo máa ń dá a padà pé, "O ò tíì mọ ohun tí ò ń dúró dè."

Mo dé Ìjurin lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì. Iná ti lọ, ó ti dé lálẹ́ Ọjọ́rú; díísìkì gangan pẹ́ kó tó jí, ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì gba orúkọ rẹ̀. Ká ní wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ títí di alẹ́ ni, ì bá da àkọsílẹ̀ àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀.

Mo yọ sda kúrò, mo fi UUID rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ sórí díísìkì nígbà tí wọ́n ń tò ó. Orúkọ àbísọ nìyẹn. Bó pẹ́, bó yá, kì í yí. Mo yọ oorun yẹn náà kúrò. Mo wá ní bí ẹ̀rọ ò bá rí èyí tá a dárúkọ, kó dúró, kó sì pariwo.

Mo pa á, mo tàn án nígbà 20 lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó wọn pé síbẹ̀. Wọ́n bẹ màmá mi. Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé sda, mo ṣàlàyé UUID, mo fi Táyéwò àti Kẹ́hìndé ṣàpẹẹrẹ.

Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ó yé mi," ni wọ́n wí. "Ìwé mi dà?"

Mo dìde, mo lọ ra tuntun lọ́jà.