Lẹ́tà sí Àbúrò Mi ní Logbaba: Kọ́kọ́ Mú Wọn Wá sí Ìwọ̀n Kan Náà

Ìkẹjà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

  Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìbéèrè inú rẹ̀ sì dùn mọ́ mi, torí ẹni tó ń fi ọkàn ṣiṣẹ́ ló máa ń béèrè irú rẹ̀.

O ní ilé-iṣẹ́ kan ní Logbaba, ní Douala níbẹ̀, kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá bá yín, pé kí ẹ fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kó gbogbo àkọsílẹ̀ inú wọn sínú kọ̀ǹpútà tuntun. ATA/133 ni wọ́n kọ sára hard disk. 1 Gbit/s ni wọ́n kọ sára switch. O wá ní switch fi ìlọ́po méje yá ju disk lọ, nígbà tí 1,000 ti ju 133 lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ohun tí wọ́n kọ sára wọn gbọ́, disk yẹn gan-an ló fi díẹ̀ yá jù.

Báìtì ni àwọn tó ń ṣe disk fi ń ka eré tirẹ̀. Bíìtì ni àwọn oní-nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fi ń ka tiwọn, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì kan. 133 ara disk, mẹ́gábáìtì ni, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 8, ó di mẹ́gábíìtì 1,064. Ti switch, ìyẹn 1 Gbit/s, kò ju mẹ́gábíìtì 1,000 lọ. Ìwọ tí ò ń ná séfà níbẹ̀, tí o sì ń fi náírà ránṣẹ́ sílé, o kò jẹ́ fi 1,000 séfà wé 1,000 náírà láìkọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ.

Faransé ni wọ́n ń kọ sára nǹkan ní Douala, nítorí náà la ojú rẹ sí àmì. Níbi tí o bá ti rí Mo tàbí Go, báìtì ni. Òun náà ni MB àti GB tí àwa ń kọ níhìn-ín. Mbit, tàbí Mb tí b rẹ̀ kéré, bíìtì ni. Ẹni tó bá ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ tó ní mẹ́gà mẹ́wàá, bíìtì ló ń wí: 10 Mbit/s, ìyẹn mẹ́gábáìtì 1.25 péré.

Da àwọn wọ̀nyí kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ:

CD 1x, 150 KB/s: 1.2 Mbit/s. CD 52x: bí 62 Mbit/s.
SCSI àkọ́kọ́ ti 1986, 5 MB/s: 40 Mbit/s.
ATA/33, 33 MB/s: 264 Mbit/s.
ATA/133, 133 MB/s: 1,064 Mbit/s.

Bí o bá ń ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bọ̀ sí disk, pín in sí ọ̀nà 8: 100 Mbit/s di 12.5 MB/s, 1 Gbit/s di 125 MB/s.

SATA kò tẹ̀ lé òfin yìí tààrà. 1.5 Gbit/s ni wọ́n ń pe àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bíìtì 10 ló ń rán gba inú wáyà fún gbogbo bíìtì 8 tó jẹ́ tìrẹ. Nítorí náà, 10 ni kí o fi pín in: 150 MB/s ló máa fún ọ. 3 Gbit/s di 300, 6 Gbit/s di 600.

Lẹ́yìn ìṣírò, rántí pé ohun tí wáyà lè gbà ni wọ́n kọ sí i lára. Disk ATA àtijọ́ tó ń yí lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sábà ka tó ìdajì 133. Bí o bá tún fi wáyà USB 2.0 so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, 480 Mbit/s ni wọ́n pè é, ìyẹn 60 MB/s, ṣùgbọ́n 30 sí 40 ló sábà máa ń wọlé. Ibi tó lọ́ra jù lọ lójú ọ̀nà ni kí o fi ṣírò.

Ká mú disk 40 GB. Lórí switch 100 Mbit/s, kò lè yá ju ìṣẹ́jú 53 lọ. Lórí switch 1 Gbit/s, bí disk bá ń ka 50 MB/s, bí ìṣẹ́jú 13 ni. Bí oníbàárà bá ní kí o fi íntánẹ́ẹ̀tì 10 Mbit/s gbé e lọ sókè òkun, yóò gbà tó wákàtí 9. Bẹ́ẹ̀, okùn SAIL tó gba abẹ́ òkun láti Kribi lọ sí Fortaleza ní Brazil láti 2018, 32 Tbit/s ni wọ́n ṣe é fún. Pín in sí ọ̀nà 8: disk 40 GB bíi tiyín 100 ló lè gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn òkun kọ́ ló ń dá iṣẹ́ yín dúró. Ìlà kékeré tó wọ ṣọ́ọ̀bù yín ni.

Ohun kan kù. Disk 40 GB yẹn, Windows yóò kọ ọ́ sí 37.2. Ẹni tó ṣe disk ń ka ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún. Windows ń ka 1,024. Ṣàlàyé èyí fún oníbàárà kí o tó fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, kó má baà rò pé ẹ yọ nínú rẹ̀.

Àbúrò mi, àlejò ni ọ́ nílùú onílùú, orúkọ rere sì ni ọjà tí àlejò ń tà. Má ṣe sọ àkókò fún oníbàárà kankan kí o tó kọ ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀, kí o mú wọn wá sí ọ̀kan náà, kí o sì yẹ ibi tó lọ́ra jù wò. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kì í wọ́n ọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ.